Ọjọ́ mẹ́ta láàárín àwọn oníṣòwò àtijọ́: ìdáhùn sí ìbéèrè nípa Hongcun àti Xidi

Ìbéèrè: Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo máa ń lọ sí ọjà Yiwu ní Ṣáínà láti ra ohun tí mò ń tà ní Gbági, ní Ìbàdàn. Ní oṣù kẹwàá tó ń bọ̀, mo máa fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko dúró kí wọ́n tó di ẹrù mi tán. Ẹnì kan fi àwòrán abúlé àtijọ́ kan tó wà láàárín òkè hàn mí, ó pè é ní Hongcun. Ṣé mo lè dá lọ? Ṣé ohun gidi wà níbẹ̀, àbí nítorí àwọn tó ń ya fọ́tò ni wọ́n ṣe kọ́ ọ? Mùsùlùmí ni mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ oúnjẹ pẹ̀lú.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa, ajé á wọgbá. Ẹ lè dá lọ, ọjọ́ mẹ́ta sì tó, bí ẹ kò bá ti fi gígun òkè Huangshan kún un. Òkè yẹn tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ rìnrìn àjò lọ́tọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí n kò ní fara mọ́ ni kí ẹ dé abúlé náà lọ́sàn-án kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé àkókò yẹn gan-an ni àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń já èrò sílẹ̀, èjìká àwọn ẹlòmíràn nìkan ni ẹ ó sì rí. Ẹ sùn níbẹ̀ mọ́jú. Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ yẹ kàlẹ́ńdà wò: láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ni gbogbo Ṣáínà ti ń gba ìsinmi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sí ẹni tó mọ̀ mí tí mo máa gbà nímọ̀ràn pé kí ó lọ sí Hongcun láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, oṣù kẹwàá dára púpọ̀. Òjò ti dínkù, òtútù kò sì tíì mú.

Ní ti bóyá ohun gidi wà níbẹ̀, mo rò pé oníṣòwò bíi tiyín ni abúlé náà yóò yé ju ẹnikẹ́ni lọ. Hongcun àti Xidi, abúlé kejì rẹ̀ tí kò jìnnà sí i, ni àjọ UNESCO jọ kọ sínú ìwé ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní ọdún 2000. Àgbègbè Yixian, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Anhui, ni àwọn méjèèjì wà. Ìdílé Wang ló tẹ Hongcun dó ní ọdún 1131, ìdílé Hu ló sì ni Xidi. Títí di òní olónìí, orúkọ méjèèjì yìí ló kún ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ènìyàn ibẹ̀. Huizhou ni wọ́n ń pe gbogbo ilẹ̀ náà láyé ọba. Òkè pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ oko kò tó nǹkan, ọmọ sì ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Huizhou fi ń ṣe é lórin pé ẹni tí kò hùwà rere láyé àtẹ̀yìnwá ni wọ́n ń bí sí Huizhou, tó bá sì ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, wọn a gbé e jù síta. Síta tí wọ́n ń sọ yẹn, ìdí òwò ni. Wọ́n ń rán ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní ìlú Hangzhou tàbí Yangzhou kí ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta iyọ̀, ewé tíì àti igi ìkọ́lé, tàbí bí wọ́n ṣe ń yáni lówó lórí ohun ìdógò. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ru aṣọ kiri ìlú onílùú tí wọ́n sì ń kówó lọ kọ́lé sí Iléṣà, kò nílò kí n ṣàlàyé Huizhou fún un pẹ́ títí. Àjò ni wọ́n ti rí owó náà, ilé ni wọ́n gbé e wá, ohun tí wọ́n fi ṣe ni ẹ ń lọ wò yẹn.

Ilé tí mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù ní Hongcun ni Chengzhi Tang, tí oníṣòwò iyọ̀ kan tí ń jẹ́ Wang Dinggui kọ́ ní ọdún 1855. Gbogbo àlejò tó bá wọ gbọ̀ngàn iwájú ilé náà ló máa ń gbójú sókè wo pákó tí wọ́n gbẹ́ àwòrán àsè ọba àti àwọn ọmọdé tó ń ṣeré sí lára, pákó náà sì dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wò ó, ẹ yíjú sí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ igi tó wà lórí wọn jọ lẹ́tà Ṣáínà yìí, 商, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ òwò. Àwọn amọ̀nà máa ń sọ pé lẹ́tà náà kò pé, pé ìgbà tí èèyàn bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ni ó tó pé. Láyé ọba, ọ̀mọ̀wé ló ga jù láwùjọ wọn, àgbẹ̀ ló tẹ̀lé e, oníṣẹ́ ọwọ́ ló ṣìkẹta, oníṣòwò ló kẹ́yìn. Wang Dinggui lówó ju ọ̀pọ̀ ìjòyè lọ, síbẹ̀ kò níyì tó wọn. Ó wá ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé kò sí ìjòyè tó máa wá sílé rẹ̀ tí kò ní gba abẹ́ òwò kọjá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn mí, ẹ̀rín ni mo rín. Lẹ́yìn náà ni mo padà lọ dúró sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ ó rí i pé láàárín ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n dá àyè sílẹ̀ fún ojú ọ̀run, bí ó ti rí nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ wa tí òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dojú kọ ara wọn, tí òjò sì ń ṣàn sínú ìkòkò tí wọ́n gbé sí àgbàlá. Tiwọn há, ó sì ga, kódà kànga ojú ọ̀run ni wọ́n ń pè é. Omi dà bí owó lójú wọn, nítorí náà wọ́n da òrùlé kọ sí inú ilé kí ẹ̀kán òjò má bàa ṣòfò sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Lóde, ògiri funfun gíga ni ẹ ó máa rí, fèrèsé kò pọ̀ lára rẹ̀, èyí tó wà kò sì tóbi, nítorí pé ọkọ kò sí nílé, ẹrù sì wà nínú ilé. Ògiri tó ń yọrí ju òrùlé lọ ní ìpele-ìpele, tí wọ́n ń pè ní orí ẹṣin, kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Bí ilé kan bá jóná, òun ni kì í jẹ́ kí iná fò dé ilé kejì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ tí kò sí nílé yìí ló máa ń bá mi nínú jẹ́ díẹ̀ nínú àwọn ilé náà. Ọmọdékùnrin lè gbéyàwó kí ó tó jáde lọ, kí ó sì pẹ́ lọ́dún púpọ̀ kí ó tó tún fojú kan ìyàwó. Nínú àwọn ilé kan, ẹ ó rí tábìlì róbótó tó jẹ́ ìdajì méjì. Bí baálé bá wà lájò, ìdajì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbé ti ògiri, àlejò ọkùnrin tó bá sì rí i ti mọ̀ pé kò yẹ kí òun jókòó pẹ́. Ọjọ́ tó bá padà dé ni wọ́n tó so ìdajì méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá ní àyè nígbà mìíràn, ẹ lọ sí Tangyue ní àgbègbè Shexian, níbi tí ẹnubodè olókùúta 7 tò sí ojú ọ̀nà kan náà. Méjì nínú wọn jẹ́ ti àwọn opó tí wọn kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Wọ́n yìn wọ́n tán, wọ́n wá fi òkúta ṣe ìyìn náà fún wọn lẹ́yìn ọjọ́. Èrò mi nìyẹn, ẹ lè ní tiyín.

Orí tábìlì gígùn tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà kò yàtọ̀ láti ilé kan dé òmíràn. Aago ló máa ń wà láàárín, ìkòkò òdòdó lápá ìlà-oòrùn, dígí lápá ìwọ̀-oòrùn. Bí ènìyàn bá da ìró aago, ìkòkò àti dígí pọ̀ ní èdè Ṣáínà, bí ó ṣe ń dún létí ni “àlàáfíà ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni”. Kò yẹ kí èyí ṣe Yorùbá ní àjèjì: owó ẹyọ mẹ́fà ni baba ńlá wa fi ń pàrokò ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ó fà mọ́ wọn. Ẹ kàn béèrè ibi tí aago wà, onílé yóò mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń wò.

Kí ẹ tó kúrò ní Hongcun, ẹ tọpa omi. Àwọn Wang la odò kéékèèké kan wọ inú abúlé, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, títí tó fi dé adágún kan tó dà bí ìdajì òṣùpá, tó sì tún jáde sí adágún tó tóbi jù, tí wọ́n gbẹ́ ní ọdún 1607. Bí màlúù ni wọ́n ṣe to abúlé náà: òkè tó wà lẹ́yìn ni orí, igi àgbà méjì ni ìwo, odò náà ni ìfun, adágún kékeré ni àpòlúkù, ńlá ni ikùn. Ìtàn abúlé náà sọ pé obìnrin kan, Hu Chong, tó jẹ́ ìyàwó ilé Wang, ló darí iṣẹ́ adágún kékeré ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba lájò, òun náà ló sì sọ pé kí wọ́n ṣe é ní ìdajì, nítorí pé òṣùpá tó bá ti kún, ìdínkù ló kù fún un. Bí ẹ bá sùn níbẹ̀, ẹ jí ní aago mẹ́fà kí ẹ lọ dúró létí adágún yẹn. Ìkùukùu máa ń wà lójú omi, àwọn ògiri funfun yóò hàn nínú rẹ̀ ní ìdoríkodò, ẹsẹ̀ ìtan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pa yóò máa mì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ilé, ìyá àgbà kan yóò sì ti kúnlẹ̀ sórí òkúta, tí yóò máa fi igi lu aṣọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọnà yóò ti to àpótí ìjókòó wọn kalẹ̀, wọ́n á máa ya àwòrán. Ariwo kankan kò tíì sí. Títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ, abúlé náà ṣì wà fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Ìyẹn dáhùn ìbéèrè yín kejì. Àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀ lóòótọ́, ilé tó kù ní abúlé kọ̀ọ̀kan láti ayé ìdílé ọba Ming àti Qing sì ju 100 lọ, ṣùgbọ́n ẹ ó san nǹkan bí 100 yúànì kí ẹ tó wọlé, àwọn ojú ọ̀nà tó wà nítòsí adágún sì ti di ọjà. Èmi a máa sùn ní Xidi, nítorí pé èrò kò pọ̀ níbẹ̀ tó Hongcun. Lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni ẹnubodè olókùúta tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún Hu Wenguang ní ọdún 1578 wà. Wọ́n ti wó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó tò síbẹ̀ rí lulẹ̀, òun nìkan ló kù. Inú Xidi náà ni ilé kan wà, Dafudi, tí ẹni tó kọ́ ọ fà á sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, tó sì gé igun rẹ̀ kí ẹlẹ́rù lè rí ibi yà, tó wá kọ ọ́ sókè ibẹ̀ pé kí ènìyàn máa ronú láti sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan. Nínú gbọ̀ngàn kan níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ méjì kọ́ sára òpó: ọ̀kan ní ìwé kíkà dára, òwò ṣíṣe dára, èyí tó bá ti so èso ló dára, èkejì ní dídá òwò sílẹ̀ le, dídi òwò mú le, ẹni tó bá ti mọ̀ pé ó le, kò le fún un. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè náà kà á fún yín létí òpó náà.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò le. Láti Yiwu, ọkọ̀ ojú irin ayárabíàṣá yóò gbé yín dé Hangzhou láìpé wákàtí kan, ẹ ó wá wọ òmíràn láti Hangzhou lọ sí ibùdókọ̀ Huangshan North, èyí tí kò ju nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ sí méjì lọ. Oṣù kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n ṣí ọ̀nà irin yẹn. Odò Xin'an, tí àwọn ọmọ Huizhou máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lórí rẹ̀ jáde lọ sí Hangzhou, kò jìnnà sí ọ̀nà irin náà. Ibi tí wọ́n ti jáde ni ẹ ń gbà wọlé. Bọ́ọ̀sì wà láti ibùdókọ̀ Huangshan North lọ sí abúlé méjèèjì. Láti ọdún 2024, ibùdó ọkọ̀ irin mìíràn tí ń jẹ́ Yixian East ti wà tó sún mọ́ wọn jù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń dúró níbẹ̀ kò pọ̀ bákan náà, nítorí náà ẹ wo méjèèjì. Ìwé ìrìnnà yín ni tíkẹ́ẹ̀tì yín. Nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra àyè, òun náà ni ẹ ó sì fi hàn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní Yiwu lọ́wọ́ aṣojú tó ń bá yín ra ọjà. Fíìsà ìṣòwò tí ẹ fi wọlé kò dí yín lọ́wọ́ láti dé Anhui, kí ọjọ́ tí wọ́n fún yín ṣáà má tíì pé. Ẹ kọ orúkọ abúlé sí fóònù ní lẹ́tà wọn kí awakọ̀ lè kà á: 宏村 fún Hongcun, 西递 fún Xidi.

Ilé ìtura ni kí ẹ ṣọ́ra lé lórí jù. Ní ọdún kan, ilé àlejò kékeré kan gba owó mi sílẹ̀ lórí fóònù, ìgbà tí mo gbé ìwé ìrìnnà mi kalẹ̀ ni ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì sọ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ àjèjì sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni, òjò sì ń rọ̀. Òfin wọn ni pé kí orúkọ àlejò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ilé ìtura ló ń ṣe é fúnni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sùn sílé ẹnìkan, ẹ̀yin fúnra yín tàbí onílé gbọ́dọ̀ lọ ṣe é láàárín wákàtí 24. Ìjọba ti kìlọ̀ ní ọdún 2024 pé kí wọ́n má ṣe lé àjèjì, síbẹ̀ ẹ kọ̀wé béèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi ìdáhùn wọn pamọ́. Ní ti owó, Alipay àti WeChat, tí wọ́n fi ń sanwó lórí fóònù níbẹ̀, ti ń gba káàdì ilẹ̀ òkèèrè. Bí ohun tí ẹ rà bá ju 200 yúànì lọ, wọ́n á gba ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Káàdì náírà lè ṣe àgídí, nítorí náà ẹ mú owó yúànì díẹ̀ dání. WhatsApp kì í ṣiṣẹ́ lórí Wi-Fi wọn, ṣùgbọ́n lórí dátà káàdì SIM tí ẹ mú wá láti ilé, ó sábà máa ń lọ. Ìyẹn ẹ ti mọ̀ ní Yiwu.

Oúnjẹ gba ìṣọ́ra gan-an, nítorí pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni òpómúléró ilé ìdáná Huizhou. Kì í ṣe ẹran nìkan. Ọ̀rá rẹ̀ wà nínú búrẹ́dì kékeré tó ń tà sùn-ún-sùn-ún lójú pópó, wọ́n sì lè fi ọ̀rá náà dín ẹ̀fọ́ tí ẹ rò pé kò ní wàhálà. Ẹja tó lókìkí jù níbẹ̀ ni wọ́n ń fi iyọ̀ pa tí wọ́n jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ mélòó kan. Òórùn rẹ̀ kò ní lé ẹni tó ń fi irú se ọbẹ̀, àmọ́ ọtí máa ń wà nínú omi tí wọ́n fi sè é. Wàrà sóyà kan náà wà tí irun funfun hù lára rẹ̀ bí òwú, tí wọ́n dín tí wọ́n sì fi ata sí: ó dùn, ẹ ṣáà béèrè òróró tó dín in. Ẹ fi gbólóhùn yìí sínú fóònù, kí ẹ nà án sí alásè: 我不吃猪肉和猪油，菜里请不要放酒. Ohun tó sọ ni pé ẹ kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀rá rẹ̀, kí wọ́n má sì fi ọtí sí oúnjẹ yín. Inú abúlé, ìrẹsì, ẹyin sísè àti èso ló dá mi lójú fún yín. Ní Tunxi, ìgboro ìlú Huangshan, ẹ wá ilé tó kọ 清真 sókè, àwọn Mùsùlùmí ló ni ín, wọ́n sì máa ń na ìyẹ̀fun sínú ọbẹ̀ ẹran màlúù tó gbóná.

Wọn ó máa wò yín. Yiwu ti rí dúdú púpọ̀, abúlé kò rí wọn tó bẹ́ẹ̀. Àgbà kan lè wá bẹ̀ yín kí ẹ jọ ya fọ́tò, tàbí kí ó fẹ́ fọwọ́ kan gèlè yín. Ẹ lè gbà, ẹ lè kọ̀, ẹ̀rín músẹ́ àti ọwọ́ tí ẹ gbé sókè ti tó fún kíkọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dún bí “nèìgè” tí ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu wọn kì í ṣe èébú. “Èyí nì” ló túmọ̀ sí, wọ́n sì ń fi wá ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe wọlé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kàn ṣí sílẹ̀ láìkí onílé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé tó dà bí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ni ẹnìkan ń jẹun àárọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ kò bi mí ní ti ohun tí ẹ lè rà bọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ oníṣòwò. Ìborùn, abẹ̀bẹ̀, ohun ìṣeré àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n pàtẹ sí ojú ọ̀nà Hongcun, ẹ ti rí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Yiwu, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀. Ewé tíì ni kí ẹ wá. Àgbègbè Qimen, tó bá Yixian pààlà, ni tíì dúdú tí gbogbo ayé mọ̀ sí Keemun ti ń wá, tíì aláwọ̀ ewé Huangshan Maofeng sì wà káàkiri. Ẹ má ṣe ra èyí tí wọ́n ti dì sínú agolo aláràbarà. Ẹ jókòó ti obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ kalẹ̀, kí ó fi omi gbígbóná po díẹ̀ fún yín, kí ẹ mu ún, kí ẹ wo ewé náà bó ṣe ń ṣí nínú ife. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá dúnàá-dúrà. Ibẹ̀ kò sí ohun tí n lè kọ́ yín.